Ìyá Tó Ń Ya Irun Ọmọ Rẹ̀ Lórí Ibùsùn

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n dá màámi dúró sí ilé ìwòsàn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń di irun mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ irun dì nígbà náà: ìlà orí mi a máa wọ́, ṣùkú tó yẹ kó dúró ṣánṣán a sì ti tú kí a tó dé ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá láyè láti wọlé lọ kí màámi, kò tíì bi wá bóyá a ti jẹun tó fi fà mí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ibùsùn, tó tú irun náà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í lákọ̀tun. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò jẹ́ kí n dìde títí ó fi parí.

Mo gbà pé èmi nìkan ni mo mọ irú ọjọ́ yẹn, àfi ìgbà tí mo jókòó ti ọmọ mi, tí a jọ ń wo kátúùnù ará Japan kan tí wọ́n ń pè ní My Neighbor Totoro. Àwọn ọmọbìnrin méjì, Satsuki àti Mei, bá bàbá wọn kó lọ sí ilé àtijọ́ kan ní ìgbèríko, nítorí pé ìyá wọn ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn tó wà ní àdúgbò yẹn. Nígbà tí wọ́n lọ kí i, ìyá náà jókòó lórí ibùsùn, ó fa Satsuki mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun rẹ̀. Ó ní irun ọmọ náà jọ ti òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Mo dá fíìmù náà dúró. Ọmọ mi bi mí pé, “Mọ́mì, kí ló ṣe yín?”

Ọkàn mi sọ fún mi pé ẹni tó ya àwòrán yìí ti wà létí irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá ìtàn rẹ̀ kà.

Hayao Miyazaki ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Tokyo ní 1941, òun sì ni ìkejì nínú ọmọkùnrin mẹ́rin. Ní 1947, ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ eegun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, obìnrin náà sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ìdùbúlẹ̀, ní ilé ìwòsàn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà nílé. Àwọn ọmọ ń dàgbà, wọ́n ń lọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń bọ̀, ìyá wọn ò lè dìde. Ara rẹ̀ padà yá, ó sì wà láyé títí di 1983. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1988, ọmọ rẹ̀ gbé Totoro jáde.

Àwọn ọmọkùnrin ló ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ ọmọbìnrin ló fi sínú ìtàn. Ó ti sọ pé bó bá jẹ́ ọmọkùnrin ni wọ́n, ìrora rẹ̀ ì bá ti pọ̀ jù fún òun. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó tó pín in sí méjì. Orúkọ wọn ṣì ń tú àṣírí náà: Satsuki ni orúkọ àtijọ́ tí àwọn ará Japan ń pe oṣù karùn-ún ọdún, Mei sì ni bí ẹnu wọn ṣe ń pe orúkọ oṣù yẹn kan náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan ń ṣe bí àgbà, ó ń dáná, ó ń di oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo ilé. Èkejì ń sunkún ìyá rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti pẹ́ nílé ìwòsàn rí mọ̀ pé inú ọmọ kan ṣoṣo làwọn méjèèjì máa ń gbé.

Ilẹ̀ tí ìtàn náà dúró lé wà lójú ayé pẹ̀lú. Àwọn òkè kéékèèké Sayama ni, tó wà láàárín Tokyo àti Saitama, tí fífẹ̀ wọn tó nǹkan bíi hẹ́kítà 3,500. Igbó wà níbẹ̀, oko ewé tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, ìlú Tokorozawa tí Miyazaki fi ṣe ilé sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Shichikokuyama ni wọ́n pe ilé ìwòsàn inú fíìmù. Bẹ́ẹ̀, òkè kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ tó ń jẹ́ Hachikokuyama, ìyẹn òkè tí a ti ń rí ilẹ̀ mẹ́jọ, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ láyé ọjọ́un sì wà nítòsí rẹ̀. Miyazaki kàn yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́jọ ni, ó ku méje. Ẹni tó bá mọ àdúgbò náà á ti mọ ibi tí Mei dorí kọ nígbà tó gbá àgbàdo kan mọ́ àyà, tó dá nìkan mú ọ̀nà pọ̀n. Ìyá àgbà aládùúgbò wọn ló ti sọ pé ìyá wọn á gbádùn bó bá jẹ ohun tó ti oko òun wá. Nígbẹ̀yìn, ojú fèrèsé ilé ìwòsàn ni àgbàdo náà dé, wọ́n fi nǹkan ha ọ̀rọ̀ sí èèpo rẹ̀ pé ti ìyá àwọn ni.

Lọ́jọ́ tí Totoro jáde, 16 oṣù kẹrin 1988, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, Studio Ghibli, gbé fíìmù mìíràn jáde pẹ̀lú rẹ̀, àwọn òǹwòran sì ń wo méjèèjì pa pọ̀. Grave of the Fireflies ni, Isao Takahata ló darí rẹ̀. Inú ìtàn kan tí Akiyuki Nosaka kọ ní 1967 ló ti mú un. Ní 1945, nígbà tí Nosaka jẹ́ ọmọ ọdún 14, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fi bọ́ǹbù sun ìlú Kobe. Bàbá tó gbà á tọ́ kú. Ó gbé àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ gbà tọ́ dé Fukui, níbẹ̀ ni ebi ti pa ọmọ náà kú; kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Nínú ìtàn, ẹ̀gbọ́n náà kò fi nǹkan kan du àbúrò rẹ̀. Nosaka fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun jẹ nínú oúnjẹ tó yẹ kó jẹ́ ti ọmọ náà. Ó kọ ìtàn náà láti fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Takahata náà kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé iná fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bọ́ǹbù jó ìlú Okayama ní 29 oṣù kẹfà 1945. Aṣọ ìsùn ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń sá kiri láàárín iná.

Agolo súìtì kan wà nínú fíìmù Takahata yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Súìtì Sakuma ni, irú èyí tí ọmọ Japan ìgbà náà mọ̀ dáadáa. Nígbà tó tán, ẹ̀gbọ́n bu omi sínú agolo, ó mì í, ó gbé e fún ọmọ náà pé kó mu adùn tó kù. Lẹ́yìn tí ọmọ náà kú, inú agolo yẹn ló kó eegun rẹ̀ sí.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn àwọn ọkùnrin wọ̀nyí nìyí: ohun tí ayé kò fún ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, tàbí tí ayé fún un pẹ̀lú ìdádúró, ni wọ́n wá fún un nínú ìtàn. Nosaka fún àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́. Miyazaki mú ọdún gbọọrọ tí ìyá rẹ̀ fi dùbúlẹ̀, ó ká a kúrú di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, ó sì fi Totoro, ẹran ńlá onírun tó ń gbé inú igi, ṣọ́ àwọn ọmọ náà títí.

Ilẹ̀ pàápàá rí tirẹ̀ gbà. Ilé tuntun ń jẹ igbó Sayama lọ díẹ̀díẹ̀, ni àwọn ará ibẹ̀ bá dá àpò owó kan sílẹ̀ ní 1990, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Totoro, Miyazaki sì dá sí i. Ní 1991, wọ́n ra ègé igbó àkọ́kọ́. Ègé tí wọ́n ti rà báyìí lé ní 50, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n: Igbó Totoro kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kò ní bá ẹran onírun kankan. Igi ni yóò bá, pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti òjìji, èyí tí kì bá ti sí mọ́. Àwọn ará Japan ní orúkọ fún ìrìn lọ sí ibi tí ìtàn inú fíìmù dúró lé, seichi junrei, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ìrìn àjò sí ibi mímọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo fi Totoro han màámi. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Kò gbọ́ èdè Japan, ojú rẹ̀ ò sì ká ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń kọjá nísàlẹ̀, nítorí náà èmi ni mò ń túmọ̀ fún un. Nígbà tó kan ibi tí ìyá ti ń ya irun Satsuki, mo dákẹ́. Màámi na ọwọ́, ó gbé e lé mi lórí, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí fíìmù parí, tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń gòkè, ọmọ mi fẹ́ pa á.

“Dúró ná,” ni màámi wí. “Ìyá àwọn ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé ó délé?”

“Ẹ máa wò ó, Mama.”

Àwòrán kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn orúkọ náà. Ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá sọ̀kalẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì dì mọ́ ọn.

“Káàbọ̀ o, ìyá àwọn ọmọ,” ni màámi wí sí ojú tẹlifíṣọ̀n. “Kú ewu.”