Òpè Níwájú Ọ̀ta: Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ayò Ọlọ́pọ́n ní Ẹ̀pẹ́

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ka eré ìdárayá Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ, ayò ọlọ́pọ́n ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn yóò sọ pé ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, pé mẹ́fà mẹ́fà ni ti ẹni kọ̀ọ̀kan, pé ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan, àti pé àpapọ̀ ọmọ ayò jẹ́ 48. Gbogbo èyí tọ̀nà, máàkì wọn yóò sì pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọpọ́n síwájú ọmọ kan náà, tí ẹ ní kí ó ta á, yóò kàn máa wò yín lójú ni. Mímọ̀ nípa ayò yàtọ̀ sí mímọ ayò ta, gẹ́gẹ́ bí mímọ̀ nípa odò ti yàtọ̀ sí mímọ omi wẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìkòròdú ni mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọdún náà kí wọ́n tó gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní Ìkòròdú, dráfù àti Whot ni mo máa ń rí lábẹ́ agbòòrùn àwọn awakọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì gbájú mọ́ eré orí fóònù, títí kan káàdì tí wọ́n ń pè ní poker. Ní Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọ̀sà, ni mo ti bá àwọn àgbà mẹ́ta pàdé tí wọ́n máa ń ta ayò lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìlú tí ìtàn ṣàjèjì sí. Ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ forí lé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, ibẹ̀ náà ni ó sì wà títí ó fi padà sí Èkó ní ọdún 1862. Títí di òní, a ṣì ń gbọ́ tí wọ́n ń pe apá kan ní Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń pe apá kejì ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Àwọn àgbà mẹ́ta wọ̀nyí wá láti apá méjèèjì, wọ́n a sì máa fi ọ̀rọ̀ náà bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ayò bá ti wọra.

Ẹni ọdún 54 ni mí, obìnrin sì ni mí. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ ayò, ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Tísà, ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ti ọpọ́n sílẹ̀ fún wa." Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ni ó sún àpótí fún mi. Ó ní, "Ẹni tí ó bá lè kà á, òun ni ó ni í. Ẹ jókòó, Tísà." Láti ìgbà náà ni ó ti di ọ̀gá mi, tí èmi sì di òpè rẹ̀. Lójú ọpọ́n, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpè. Oyè òpè kì í ṣe oyè tí a ń fi pamọ́ fún ẹni. Gbangba ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á rántí òfin rẹ̀ ní ṣókí. Ọmọ ayò jẹ́ èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ó le, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ tí ó wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀, yóò sì máa jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, yíká ọpọ́n. Bí ọmọ tí ó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tí ilé náà sì wá ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ilé alátakò tí ó ṣáájú rẹ̀ náà bá ní méjì tàbí mẹ́ta, yóò jẹ ìyẹn pẹ̀lú, yóò sì máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan èyí tí kò bá òfin mu. Bí ọmọ bá tán lọ́wọ́ alátakò, dandan ni kí a ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ ju ọmọ 24 lọ ni ó borí.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ mi ni kíkà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ìgbà tí n kò pàdánù. Bí mo bá ti rí ilé tí ọmọ rẹ̀ pọ̀, mo ti kó o nìyẹn. Bàbá ní, "Tísà, ọwọ́ yín yá ju ojú yín lọ. Ẹ jẹ́ kí ojú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí ọwọ́ tó ṣe tirẹ̀." Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi bírò ya ọpọ́n sórí ìwé. Mo pe ilé mi ní 1 títí dé 6, láti òsì sí ọ̀tún. Mo wá rí i pé kí ọmọ tí ó gbẹ̀yìn tó lè bọ́ sí ilé àkọ́kọ́ alátakò, ilé 6 gbọ́dọ̀ ní ọmọ 1, ilé 5 gbọ́dọ̀ ní 2, ilé 4 gbọ́dọ̀ ní 3, títí dé ilé 1 tí yóò ní 6. Àròpọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ ní 7. Fún ilé kejì alátakò, àròpọ̀ náà jẹ́ 8. Fún ẹ̀kẹta, ó jẹ́ 9. Nígbà tí mo fi èyí han Bàbá, ó ní òun kò fi ìwé kọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ohun tí ojú òun ń rí nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ìṣọ́ra. Òpè a máa wo ohun tí òun yóò jẹ, ọ̀ta a kọ́kọ́ wo ohun tí wọn yóò jẹ lára òun. Ilé tí ó ṣófo kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ewu, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí ó bá bọ́ sí i kò tó í jẹ. Ilé tí ọmọ kan tàbí méjì bá wà ni ó yẹ kí a máa ṣọ́. Kí n tó fọwọ́ kan ọmọ báyìí, mo máa ń wo irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì máa ń bi ara mi pé èwo nínú ilé Bàbá ni ó ní iye ọmọ tí yóò dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí mo bá rí i, mo lè kó ilé náà sá, mo lè fi ọmọ kún un, mo sì lè ju ọmọ kan sí ilé Bàbá kí ìṣirò rẹ̀ lè dàrú. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, mo ṣì ń pàdánù, ṣùgbọ́n kì í yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni sùúrù. Àwọn ọ̀ta a máa kó ọmọ jọ sínú ilé kan títí yóò fi pọ̀, èyí tí a ń pè ní odù. Ẹ gbà pé ọmọ 14 wà nínú ilé 6 yín, tí ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ alátakò sì ṣófo. Bí ẹ bá tú odù náà, yóò yí ọpọ́n ká, yóò fo ilé tí ó ti jáde, yóò sì tún ju ọmọ kejì sínú àwọn ilé mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ọmọ méjì méjì ni yóò wà nínú wọn, ẹ ó sì jẹ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mẹ́sàn-án ni ẹ ó jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kó odù jọ gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tí yóò máa ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alátakò yóò fi ipá mú un tú u kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ó le jù fún mi: gbígba èébú. Bí òpè bá ta èyí tí kò dára, àwọn tí ó ń wòran yóò hó yèè: "Tísà tún ti se wá lálejò o!" Olùkọ́ ni mí, n kò mọ́ ìgbà tí wọn ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ara ẹ̀kọ́ náà ni. Ẹni tí èébú bá mú bínú yóò yára ta, ẹni tí ó bá sì yára ta yóò tún pàdánù. Ọ̀ta mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ kì í fi í dákẹ́.

Àwọn kan lè bi mí pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti káàdì poker tí àwọn ọmọ ń ta lórí fóònù. N kò kó iyán poker kéré. Nínú irú rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù, káàdì méjì ni ẹni kọ̀ọ̀kan fi pamọ́ lọ́wọ́, ẹni tí yóò bá mọ̀ ọ́n ta gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kó káàdì sílẹ̀ kí ó jáwọ́. Ìṣirò wà níbẹ̀, sùúrù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oríire náà wà níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ káàdì tí yóò yọ. Ayò kò ní ohunkóhun lábẹ́ aṣọ. Ohun tí ọ̀ta ń rí ni òpè ń rí. Ní ọdún 2002, onímọ̀ méjì, John Romein àti Henri Bal, ní ìlú Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà yẹ eré awari wò, èyí tí òfin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ayò wa mu. Wọ́n yẹ ipò tí ó lé ní bílíọ̀nù 889 wò, wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjì tí kì í ṣàṣìṣe bá jọ ta á, ọ̀mì ni yóò já sí, 24 sí 24. Ìyẹn ni pé ọpọ́n kì í ṣe ojúsàájú. Ọwọ́ àwa tí a ń ta á ni ìjákulẹ̀ ti ń wá.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí kò jìnnà. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ó fi owó ìwé tí òbí rẹ̀ fún un ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tí owó náà sì wọgbó. Mo mú un wọ ẹgbẹ́ ayò tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. A kò ní owó ọpọ́n gbígbẹ́. Kiréètì ẹyin ni a ń lò: ìlà márùn-ún ni ó ní, ihò mẹ́fà mẹ́fà, bí a bá gé ìlà méjì, ọpọ́n dé, òkúta wẹ́wẹ́ sì di ọmọ ayò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin kan ti nà án ní ìgbà mẹ́ta léraléra, ọmọ náà dúró ti ọpọ́n, ó ń to ọmọ padà sí bí ó ṣe wà. Ó ní, "Mà, mo ti rí ibi tí mo ti pàdánù." Mo bi í bóyá ó rí irú rẹ̀ rí nínú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. N kò lè sọ pé kò tún ní ta tẹ́tẹ́ mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti tọ́ oríṣi ìpàdánù kan wò tí ó ń kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n.

Bàbá bí ọmọ mẹ́rin, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ayò ta. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Bí mo bá lọ tán, wọn á gbé ọpọ́n yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọn á máa fi ṣe ẹ̀ṣọ́." Ayò yóò máa wà ní Ghana, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní oware. Yóò máa wà ní Antigua àti Barbados, níbi tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé, tí wọ́n ń pè é ní warri. Ohun ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ó bá jẹ́ inú ìwé ìdánwò nìkan ni àwa yóò ti máa bá a pàdé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí àgbà kan bá wà ládùúgbò yín tí ó mọ ayò ta, ẹ má ṣe béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kí ó nà yín. Wọn yóò pè yín ní òpè, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí kò sí ọ̀ta kan tí wọn kò pè bẹ́ẹ̀ rí. Ní ti èmi, ó di ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá kí n tó jẹ ọmọ 19 lọ́wọ́ Bàbá. Ó ṣì ku mẹ́fà.