Ìyá ẹlẹ́ja fẹ́ lọ kí ọmọ ẹ̀ n'Ílùú Ọba, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé yóò padà sí Ẹ̀pẹ́

Nínú gbogbo ìbéèrè tí òyìnbó máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ọmọ ẹ̀ nílùú wọn, ọ̀kan ló le jù, ọ̀kan ọ̀hún náà sì ni wọn kì í fẹnu bèèrè. Ìwé lẹ máa fi dáhùn ẹ̀. Kí ló máa mú yín padà wálé?

Létí ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, èébú gbáà ni. Kí ló máa mú òun padà kẹ̀? Òun tóun ní ààrò mẹ́ta tí iná kì í kú lábẹ́ wọn, tí àwọn apẹja ti gba owó ẹja ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ òun, tóun jẹ́ akápò ẹgbẹ́ nínú ọjà, tí ìyá tó bí òun lọ́mọ ṣì wà láyé, tí arúgbó náà kì í sì í fẹnu kan oúnjẹ àfi tó bá jẹ́ òun lòun gbé e síwájú ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà ní Manchester ló bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni màmá fẹ́ lọ lò, kó bá wọn wẹ ọmọ, kó sì tètè padà kí ọdún Káyókáyó tó dé. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tí ò bá sí ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1851, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún mìíràn á fi yí po.

Àmọ́ nínú gbogbo ohun tó so màmá yìí mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó wà lórí ìwé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ààrò kì í ní risíìtì. Owó tó san sílẹ̀ fáwọn apẹja, ẹnu ni wọ́n fi ṣe é. Ilé yàrá mẹ́rin tó kọ́, orí ilẹ̀ ẹbí ló wà, ìwé kan ṣoṣo tó ní lórí ẹ̀ ni èyí tí àwọn àgbà ẹbí tẹ̀ka sí, eku sì ti jẹ etí ẹ̀ lọ. Owó tó ń pa, ọwọ́ alájọ ló ń dá a sí láti bí ogún ọdún, káàdì tí wọ́n ń fi bírò fa ìlà sí nìkan ló lè fi hàn yín. Ó ní àkáǹtì ní báńkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ ẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sí ni, bó bá ṣe ń wọlé náà ló ń jáde. Ẹ wá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ síwájú ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì, tí ò mọ Ẹ̀pẹ́, tí ò mọ Olúwo, tó jẹ́ pé bébà nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ àbúrò màmá kan wà tó jẹ́ tísà ní Ìkòròdú. Òun ló ní òun máa bá wọn ṣe é. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ wá, èyí tí wọn ò sì lè fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó ní nọ́ńbà NIN. Owó ẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́: láti 1 September 2025 ni ìjọba ti sọ pásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún di ₦100,000, tí olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá sì di ₦200,000. Owó físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà ti Ìlú Ọba náà gbẹ́nu sókè ní April 2025, láti £115 sí £127. Owó yìí, bí wọ́n fún yín ní físà, wọ́n ti gbà á. Bí wọn ò fún yín, wọ́n ti gbà á náà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ohun tí òfin wọn sọ gan-an. Láàárín àwọn tó ń jókòó sọ ọ́ ní gáréèjì Ìkòròdú, ẹnì kan á ní mílíọ̀nù márùn-ún lẹ gbọ́dọ̀ ní ní báńkì, ẹlòmíì á ní mẹ́wàá. Irọ́ ni. Òfin ò dá iye kankan. Ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi hàn ni pé àbẹ̀wò lẹ ń lọ lóòótọ́, pé ẹ máa kúrò nígbà tó bá parí, pé owó tẹ́ ẹ máa fi jẹun àti èyí tẹ́ ẹ máa fi padà wà nílẹ̀, pé ẹ ò ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ò sì ní í sọ àbẹ̀wò di ibùgbé. Ọmọ yín tàbí ẹlòmíì náà lè gbé owó ọ̀hún, kó sáà ti wà nínú ìwé pé òun ni. Ìyá tó bá sì gbé ọmọ-ọmọ ẹ̀ sẹ́yìn nílé ọmọ ẹ̀ ò rú òfin, ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tọ́mọ ló di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ká ní tísà ti ka èyí ni, ì bá má gbé màmá dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n wọ́n dé ibẹ̀. Yàrá kan ni, wọ́n lẹ fọ́tò Big Ben mọ́ ògiri, fáànù ń yí gbirigbiri. Ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ti dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀. A máa gbé mílíọ̀nù mẹ́rin sínú àkáǹtì yín, á jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó wá gbé owó wa. Èlé díẹ̀ lẹ máa san. Ẹ ní ìwé ilé?"

"Ti ẹbí wà nílé, ọmọ mi."

"Ìyẹn ò dáa tó, Màmá. A máa ṣe C of O fún yín."

Màmá ò mọ ohun tó ń jẹ́ C of O, ó ti fẹ́ máa dúpẹ́. Tísà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó yẹn ẹ lè gbé e wá, ìwé yẹn ẹ fi sílẹ̀." Ohun tó sọ yẹn, kò mọ̀ nígbà náà pé òun ló máa gba màmá là.

Físà ò jáde. Ìwé tí wọ́n kọ padà sí i ò le lọ́rọ̀, tútù ni wọ́n kọ ọ́, irú títù tó ń gún èèyàn nínú. Wọ́n ní mílíọ̀nù mẹ́rin wọ àkáǹtì yìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn ò rí ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ní òun ń ta ẹja ò fi ohunkóhun hàn nípa ẹja tó ń tà. Wọn ò gbà pé yóò padà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni, ohun tó bani nínú jẹ́ nípa ẹ̀ náà nìyẹn: owó tó jẹ́ ti màmá ò sí nínú ìwé, owó tó wà nínú ìwé kì í ṣe ti màmá.

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ẹbí ẹ̀ tí wọn ò fún ní físà lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níwájú adájọ́ wọn, ọ̀pọ̀ sì ń jàre. Wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ yẹn kúrò láti 25 June 2013. Àfi ọ̀rọ̀ tó bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nìkan ló kù. Ẹni tí wọn ò fún, kó lọ wá owó mìíràn, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ṣùgbọ́n kíkọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ò ti ilẹ̀kùn. Ìwé ayédèrú ló ń tì í. Ẹni tí wọ́n bá ká ayédèrú mọ́ lọ́wọ́, tàbí tó parọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọn ò ní í fún un ní físà àbẹ̀wò mọ́. Wọ́n sì ń kọ̀wé sí báńkì, wọ́n ń pe ibi iṣẹ́, wọ́n ń wádìí. Àwọn ará Èkó àtijọ́ tó máa ń sọ pé "ìwé Olúwọlé ni", tí wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni. Ká ní C of O ọmọkùnrin yẹn wọ inú ìwé màmá ni, ọmọ tó fẹ́ lọ wẹ̀ á ti máa bọ̀ láti ilé-ìwé fúnra ẹ̀ kí ìyá àgbà tó fojú kàn án. Ti Amẹ́ríkà tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá parọ́ fún wọn lè má wọ ibẹ̀ títí ayé, àfi tí wọ́n bá forí jì í. Ní December 2025 sì rèé, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí i pé láti 1 January 2026, kí wọ́n dáwọ́ físà àbẹ̀wò dúró fún ọmọ Nàìjíríà, àtẹni tó parọ́ àtẹni tó sọ òótọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Ẹ̀pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá yìí, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní ṣé àwọn yìí náà kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn á mọ ohun tó ń wí. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ò ṣeé kàn wọ̀. Oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà, bí àlejò bá dé, àfi kó dúró, kó sọ ohun tó ń wá, kó gba àṣẹ, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ń dá padà. Àwọn ará òkè kì í kọjá sí etí òkun, inú ọjà bíi Ẹ̀jìnrìn àti Ìkòròdú ni wọ́n ti ń pàdé àwọn ará Èkó. Ohun tó bí òyìnbó nínú nìyẹn. Gómìnà Gilbert Carter tó wà l'Ékòó nígbà náà ní kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ò wọ̀, ní May 1892 ni wọ́n bá kó ọmọ ogun gba orí ọ̀sà wá, ìlú Ẹ̀pẹ́ yìí gan-an ni wọ́n gbà kọjá sí Ìmàgbọn, tí wọ́n fi ìbọn Maxim wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀sùn ńlá tí wọ́n fi kan Ìjẹ̀bú ni pé wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé láìgba àṣẹ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ọmọ Nàìjíríà ń lọ sí Ìlú Ọba láìsí físà. Àwọn tó dàgbà sí i ṣì ń sọ bí àwọn ìyá oníṣòwò ṣe ń lọ ra aṣọ ní Liverpool Street láyé owó epo, tó jẹ́ pé Heathrow ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ fún wọn. Ọdún 1986 ni ìjọba Margaret Thatcher kéde pé ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó gbéra. Ní 2013, wọ́n tiẹ̀ ní àwọn máa gba £3,000 sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan lára àlejò, owó tí wọn ò ní í rí mọ́ bí wọn ò bá padà sílé. Ariwo pọ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ kó tó di pé ọdún yẹn parí. Oníbodè ṣì wà, ẹ̀gbẹ́ odi tó dúró sí ló yàtọ̀.

Ó dun màmá débi pé ó ní kí ọmọ òun gbé ọmọ wá sí Kútọnu, kí wọ́n pàdé níbẹ̀. Ìyẹn ò béèrè físà, àdéhùn ECOWAS ti 1979 ti fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dọ̀ ara wa, pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ibà pọ́njú náà ló kù. Ẹni tó bá ti gba Sẹmẹ̀ kọjá mọ̀ pé ó tún ku owó ọwọ́ oríṣiríṣi tí ò sí nínú àdéhùn kankan. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí àtipàdé ìyá ẹ̀ ní Kútọnu?

Tísà ló tún padà jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbà pé ohun tí màmá ní gan-an ni kí àwọn gbé síwájú, kí àwọn kàn sọ ọ́ di ìwé. Alájọ ò kúrò, àmọ́ ó di pé bí oṣù bá parí, báńkì ni àjọ ń wọ̀ tààrà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọjà nínú àkáǹtì, ó sì ń san ti apẹja láti ibẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe èyí, owó ọ̀hún ò sì dé mílíọ̀nù méjì, ṣùgbọ́n èèyàn lè rí i bó ṣe ń wọlé tó ń jáde bí owó ẹlẹ́ja. Ẹgbẹ́ ọjà kọ lẹ́tà pé akápò àwọn ni, wọ́n ń retí ẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò ààrò. Ìwé ẹbí tí eku jẹ, bó ṣe wà ni wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n sì tú èyí tó jẹ́ Yorùbá nínú ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ fi ìwé iṣẹ́ àti ìwé ilé tó ń gbé ránṣẹ́. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti bèèrè bóyá wọ́n ti kọ físà fún un rí, wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì sọ ibi tí mílíọ̀nù mẹ́rin yẹn ti wá. Ọwọ́ tísà gbọ̀n nígbà tó ń kọ ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa ń ní kéèyàn retí. Ó lé díẹ̀. Físà jáde. Ọmọ ti ń jókòó fúnra ẹ̀ nígbà náà, kò sí wíwẹ̀ jòjòló kankan mọ́.

Kò tíì parí níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ní físà lọ́wọ́ náà, wọ́n ṣì lè dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú wọn kí wọ́n bi í léèrè ọjọ́ tó máa lò àti ilé tó ń lọ, ìdáhùn ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti fọ́ọ̀mù mu. Bí àìsàn bá ṣe é níbẹ̀, òun ló máa sanwó ọsibítù, gbèsè tó bá sì ti tó £500 lè ṣàkóbá fún físà tó bá tún fẹ́ gbà. Ọmọ ra ìwé adójútòfò fún un nítorí ìyẹn. Ti ẹrù ló wá kù. Ẹran ò gbọdọ̀ wọlé wọn, ì báà jẹ́ ẹran ìgbẹ́ Ẹ̀pẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, ì báà jẹ́ sùyà. Ẹja ní tiẹ̀ ń wọlé, yíyan tàbí gbígbẹ, bí kò bá ti ju 20 kílò lọ. Ọmọ pè láti Manchester lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹja nìkan o. Ẹ má gbé pọ̀nmọ́."

Tísà ló tú báàgì náà wò ní òru, ó sì bá a, ó wà nínú ike gàrí, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù mẹ́ta wé e.