Mángòrò Ìyá Mi ní Tudun Wada

  Ọ̀rọ̀ igi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́.

Ní 1974 ni bàbá mi dé Kàdúná láti Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ aṣọ híhun ní Kakuri ló gbé e wá. Tudun Wada la ń gbé, yàrá méjì tá a háyà nínú agbo ilé Aláàjì kan. Ọdún 1979 ni wọ́n bí mi síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi jẹ mángòrò tán, ó sì ri kóró rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, nítòsí ibi tí wọ́n sin ìwọ́ mi sí. Inú bí bàbá mi. Ó ní, "Ilé onílé lo ń gbin igi sí? Ta ni yóò jẹ ẹ́? Lọ́dún tó ń bọ̀, a ti padà sílé."

Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ kó hù ná, Bàbá ọmọ."

Ẹ̀yin náà mọ "ọdún tó ń bọ̀" yẹn. Gbogbo wa la ní i lẹ́nu. Igi náà hù, ó dàgbà, ó so, a jẹ ẹ́ títí ó sú wa, a ṣì wà ní Tudun Wada.

Ìyá mi kì í pe igi ní igi lásán. Tá a bá ń lọ, yóò dárúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, ìyàwó Aláàjì á sì sọ ti Hausa fún wa. Àwọn igi ràbàtà tó ṣíji bo ọ̀nà ní GRA, ọ̀gànwó ni wọ́n, maɗaci ni Hausa ń pè é, nítorí pé èèpo rẹ̀ korò. Igi irú ni dorowa. Ẹ lọ sí ọ̀nà Kachia nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí òdòdó rẹ̀ tó rọ̀ dirodiro bíi bọ́ọ̀lù pupa. Igi òrí ni kaɗanya. Osè ni kuka, èyí tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀. Àràbà ni rimi. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé Ungwan Rimi, Ìdí Àràbà ló ń gbé yẹn o, bíi ti Èkó gan-an! Kawo náà, orúkọ igi ni ní Hausa, igi tí àwa ń pè ní apá. Gamji tí wọ́n fi ń ki Sardauna, tí wọ́n sì fi sọ ọgbà ìgbafẹ́ létí odò Kàdúná, ìbátan ọ̀dàn ni, igi abẹ́ òjìji tí àwọn bàbá wa ń gbìn sí ọjà àti ààfin.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá mọ̀ pé àwọn tá a rò pé wọ́n jẹ́ onílé nínú igi wọ̀nyí, àlejò ni púpọ̀ nínú wọn. Íńdíà ni dongoyaro ti wá. Láti Gánà ni wọ́n ti gbé irúgbìn rẹ̀ wọ òkè ọya ní 1928. Kàdúná fúnra rẹ̀, ní 1913 ni Lugard bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, kó tó di olú ìlú Àríwá ní 1917. Apá Íńdíà náà ni mángòrò ti wá. Flamboyant tó máa ń pọ́n bí iná tí òjò bá fẹ́ dé, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní panṣẹ́kẹ́, Madagáskà ni ilé rẹ̀. Brasil ni kajú ti wá. Àmọ́, ta ló ń bi dongoyaro léèrè ìlú tó ti wá? Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ń sá sí tí oòrùn bá mú.

Ní oṣù kejì ọdún 2000, rògbòdìyàn Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà níbí nígbà náà mọ ohun tójú rí. Aláàjì onílé wa fi wá pamọ́ sínú yàrá ìyàwó rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ló sìn wá dé bárékè. A kò padà síbẹ̀ mọ́. Sabon Tasha la kó lọ, ní òdìkejì odò. Ìyá mi kú ní 2011, Ògbómọ̀ṣọ́ la sin ín sí. Kó tó kú, ó máa ń bèèrè pé, "Ṣé wọn ò tíì gé mángòrò mi báyìí?" N kò lè dá a lóhùn, torí n kò dé ibẹ̀ rí láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí.

Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni iṣẹ́ gbé mi gba àdúgbò náà. Mo ní kí n kàn yọjú. Igi náà wà níbẹ̀! Wọ́n ti fi yàrá kún ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ ògiri náà kọsẹ̀ kó má bàa kan igi. Aláàjì ti dolóògbé. Ọmọ rẹ̀ ló dá mi mọ̀. Ó ní gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní "Mangwaron Yarabawa", mángòrò àwọn Yorùbá. Àwa la sá, igi ò sá. Ó já mángòrò kún ọ̀rá kan fún mi. Mo sunkún nínú mọ́tò, n kò ní purọ́ fún yín.

Mo gbé e dé ilé fún bàbá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Ó jẹ ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀. Ó jẹ èkejì. Ó wá ní, "Má da kóró yẹn nù o." Bàbá tó ní ilé onílé! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn bíríkìlà ń bọ̀ wá fi interlock bo gbogbo àgbàlá mi, láti gééètì dé ẹ̀yìnkùlé. Bàbá jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ títí wọ́n fi yọ àyè kan sílẹ̀ ní igun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Wọ́n ń gé igi ní Kàdúná lójoojúmọ́. Ọ̀nà ń fẹ̀ sí i, ṣọ́ọ̀bù ń pọ̀ sí i, gáàsì wọ́n, èédú ni ọ̀pọ̀ ń dá. Ṣùgbọ́n àwa náà kì í gbìn, torí pé "ọdún tó ń bọ̀" là ń retí. Tẹ́ ẹ bá jẹ mángòrò tó dùn, ẹ má jẹ́ kí kóró rẹ̀ gbẹ, kíákíá ló máa ń kú. Ẹ la èèpo líle rẹ̀, ẹ gbin ti inú tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri àti kòtò ṣáláńgá, kẹ́ ẹ sì ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ó lè tó ọdún mẹ́fà kó tó so. Tẹ́ ẹ bá ti kó lọ nígbà náà, ẹlòmíì á jẹ ẹ́, á sì fi orúkọ yín pè é.

Tiwa ti ga dé àyà mi báyìí. Bàbá ló ń bomi rin ín láràárọ̀.

Igi wo ló wà ní ilé tiyín? Ta ló gbìn ín? Ẹ sọ fún wa.