Ìkòkò Tábà Bàbá Mi Dé Saint-Claude

Ìkòkò tábà mẹ́sàn-án ni mo ní, ará Faransé ni gbogbo wọn. Èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló fa àwọn yòókù wálé. Wọ́n tẹ “Saint-Claude” sí i lára. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Lyon mú mi lọ síbẹ̀.

Àárín òkè Jura nìlú náà wà, níbi tí odò Bienne àti Tacon ti pàdé. Àtijọ́ ni wọ́n ti ń gbẹ́ igi, ṣùgbọ́n láti bí ọdún 1850 sí 1860 ni wọ́n ti ń fi bruyère ṣe ìkòkò. Etí Òkun Mẹditaréníà nigi yìí ti ń wá. Kókó ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń wú. Wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó má baà là. Iná ń jó nínú rẹ̀, síbẹ̀ kì í tètè jóná.

Agbẹ́gi àgbà kan yẹ ti bàbá mi wò. Ó lóun lè há ojú iná kúrò, kóun sì pa àpá eyín rẹ́. Ọmọ mi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó di tuntun.”

Mo gbà á padà. Bàbá mi ò mọ̀wé kọ. Àpá eyín yẹn nìkan ni ìwé tó kọ sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fọ ohun àgbà di tuntun, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa.