Ọ̀rẹ́ mi fi àìsàn pamọ́ fún wa, orí òkè ni àṣírí ti tú

Bí mo ṣe ń kọ èyí, orúnkún ṣì ń dùn mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa mẹ́rin kan wà tá a ti jọ ń gun òkè láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì? A ti gun Olúmọ, a ti gun òkè Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ ni kò jẹ́ ká ṣe é mọ́. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá la tún kó ara wa jọ.

Àwọn òkè tó wà láàrin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Èkìtì la fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta rìn. Lọ́jọ́ kìíní, a gun Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni omi náà fi ń dà wálẹ̀ lórí àpáta, ọ̀pọ̀ àlejò ni kì í sì í kọjá ìpele kìíní. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sókè, ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, nítorí àpáta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. A gba ọ̀nà oko lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, a jẹ iyán, a sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọdẹ kan tó mọ ọ̀nà ló ṣáájú wa, Ìkògòsì là ń lọ. Ìyá Ìbejì ní òun kò lè jẹun láàárọ̀ kùtù bẹ́ẹ̀, tíì tí kò ní ṣúgà nìkan ló mu. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́yìn. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó yára, ló bá jágbe mọ́ mi pé ta ló ní kí n dúró de òun. Inú bí mi, mo bá tèmi lọ. Èmi nọ́ọ̀sì yìí, mo rò pé ìkanra lásán ni!

Ọdẹ yẹn ló pè wá: “Ẹ̀yin màmá, ẹ wo màmá yìí o. Ọyẹ́ ń mú, àwọn ń làágùn.” Mo sáré padà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin. Mo bi í léèrè ibi tá à ń lọ, kò mọ̀ ọ́n. Mo tú báàgì rẹ̀, oògùn àtọ̀gbẹ ni mo bá níbẹ̀. Ó ti lo oògùn láàárọ̀, kò jẹun, ó wá ń gun òkè. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù.

Ọlọ́run ṣe é, ó ṣì lè gbé nǹkan mì. Mo po ṣíbí ṣúgà kékeré mẹ́rin látinú èyí tá a fẹ́ fi mu gàrí mọ́ omi, ó mu ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, mo tún fún un. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, a fún un ní búrẹ́dì. Ó ní ká máa lọ, mo kọ̀. Irú oògùn tó lò yẹn máa ń pẹ́ lára, ṣúgà náà lè tún wálẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ sí títì, a gbé e lọ sílé ìwòsàn, ibẹ̀ la sùn.

Ó ní òun fi pamọ́ nítorí pé a ó ní kí òun jókòó sílé. Mo dákẹ́, torí mo mọ̀ pé mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má rìn, ìrìn dáa fún yín. Àmọ́ ẹ bi dókítà yín léèrè bí ẹ ó ṣe lo oògùn lọ́jọ́ ìrìn gígùn, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ fi ṣúgà sápò, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọn, ẹ má ṣe lé wọn sílé, kí wọ́n má baà parọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kẹta, mọ́tò la wọ̀ dé Ìkògòsì. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ìyá Ìbejì ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Omi Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò la ò rí lọ mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Òun náà ń bá wa lọ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.