Kì Í Ṣe Ìjà

Bí ọkọ bá lu aya rẹ̀, láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, òwe kan náà ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà dára fún aládùúgbò méjì tí ń du ààlà oko. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rẹ́ wo ni ó kù láàrin ẹni tí ń luni àti ẹni tí ń fi ìborùn bo ojú wíwú lọ sọ́jà?

Òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti dáhùn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2012 ni ó ti ka lílu aya, fífi ipá bá a lò pọ̀ àti fífi ipá fa ọmọbìnrin fún ọkọ sí ọ̀ràn. Èdè Faransé ni a fi kọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa túmọ̀ « violence conjugale », « ìjà tọkọtaya » ni ọ̀pọ̀ wọn kọ. A kò gbà á. Ẹni méjì ni í jà. Bí ìjà bá sì parí, a ó bá tọ̀túntòsì wí, a ó ní kí àwọn méjèèjì tọrọ àforíjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ nílé, tí ẹni tí a lù yóò sì tún kúnlẹ̀. « Ìfìyàjẹ aya » ni a kọ sójú pátákó, bí ó tilẹ̀ wúwo lẹ́nu.

Ọmọbìnrin kan béèrè èdè tí ìyá òun yóò fi sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. A ní bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ lọ, a ó tẹ̀lé wọn, a ó sì máa túmọ̀.