Eré Ojú Agbo Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Paul McCartney gbé àwo orin kan jáde tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, ti ṣe láti oṣù Kẹjọ ọdún 1974. One Hand Clapping lorúkọ rẹ̀. Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é: gbogbo wọn jọ wà lójú kan, wọ́n ń lù, wọ́n ń kọrin, ẹ̀rọ ń gbà á sílẹ̀. Téèpù náà wà nípamọ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kó tó jáde lódindi, síbẹ̀ ohùn inú rẹ̀ já gaara.

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, àyà mi sì já. Àwa náà ní irú téèpù bẹ́ẹ̀ ní Challenge níbí, n'Ìbàdàn. Ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ibi tí tiwa wà ni kò ṣe é fọkàn tán.

Nínú àwọn orin inú àwo yẹn, Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba Band on the Run àti Bluebird sílẹ̀ lọ́dún 1973, ní sitúdíò EMI ní Àpápá. McCartney, ìyàwó rẹ̀ Linda, àti Denny Laine ni wọ́n wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí McCartney àtìyàwó rẹ̀ lójú títì, wọ́n gba ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, títí kan kásẹ́ẹ̀tì tó ti fi ohùn àwọn orin tuntun náà sí. Orí ara rẹ̀ ló padà lọ wá wọn sí. Fẹlá náà fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló fẹ́ wá jí kó. Ó di dandan kí McCartney gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún un gbọ́. Ẹ̀sùn yẹn parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò padà wá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba orin mìíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe nínú ilé gbogbo nígbà náà: a ó fi bébà dí ihò méjì tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì, a ó sì gba tuntun lé ti àtijọ́.

Fẹlá fúnra rẹ̀ rí ẹni bá a pa tirẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1971, òun àti Africa 70 ṣeré níwájú èrò ní Abbey Road kan náà, Ginger Baker tó ti lùlù fún Cream sì wà láàárín wọn. Eré tó ṣe ní Detroit lọ́dún 1986, ọdún tó jáde lẹ́wọ̀n gan-an, kò di àwo títí di ọdún 2012. Orin mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, ó sì lé ní wákàtí méjì.

Àwọn eléré òde tiwa ńkọ́?

Ẹni tó bá dàgbà n'Ìbàdàn kò ní ṣàìmọ live play. Wọ́n ń ṣòkú àgbà ní Mọ́lété, tàbí wọ́n ń ṣílé ní Félélé, wọ́n á ta àtíbàbà dí títì, eléré á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá ti kárí, ó di ìdájí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á jókòó ti ampilifáyà, á tan téèpù rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á fi dé gáréèjì, àwọn dírẹ́bà á máa gbọ́ ọ láti Challenge dé Ìwó Road. Èmi ò fi live play wé àwo sitúdíò rárá. Nínú sitúdíò, eléré ń kọrin fún ẹni tí kò rí. Lójú agbo, ẹni tó wọlé ló ń rí. Ó lè pa orin tì kí ó ki àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó dárúkọ bàbá rẹ̀, agboolé rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí ó fi ìdajì wákàtí sí i. Ìwé ìròyìn kankan kò kọ nǹkan kan nípa ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kì báyẹn. Inú kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni orúkọ wọn wà.

Ọ̀kan wà nínú àpótí màmá mi, C-90, òun fúnra rẹ̀ ló kọ "Ìṣílé, Félélé, 1986" sára rẹ̀. Eléré jùjú tó ṣeré lọ́jọ́ náà kò ṣe àwo kankan rí títí ó fi kú. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan nítòsí oríta Challenge tó ń da orin inú kásẹ́ẹ̀tì sórí fúláàṣì. Kò kàn kì í bọ inú ẹ̀rọ. Ó tú àwọn ìdè kéékèèké ara rẹ̀, ó rí i pé fóòmù tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ ti jẹrà, ó yọ ti kásẹ́ẹ̀tì mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló wá fi bíírò yí téèpù náà díẹ̀díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, torí ibi tó bá ti lẹ̀ pọ̀, já ló máa já.

Gìtá ló kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà gángan. Ohùn màmá mi tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé, "Ẹ gbé àga wá fún wọn níwájú!" Ohùn obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni. Mo ti gbàgbé pé ohùn rẹ̀ lè ta báyẹn.

Láàárín kan, jẹnẹrétọ̀ kú. Gìtá dákẹ́, gbohùngbohùn dákẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì ni téèpù ń lò, nítorí náà kò dúró. Àwọn onílù náà kò dúró. Èrò gba ègbè lẹ́nu eléré, òun náà ń fi ohùn lásán pè wọ́n láti òkèèrè, wọ́n ń dáhùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń lọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn jù nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, mi ò sì rò pé owó sitúdíò kankan lè rà á. Nígbà tí iná padà dé, gbogbo agbo hó yèè. Kò pẹ́ sígbà náà tí ojú kìíní tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó yí i sí ojú kejì ti lọ ráúráú.

Eruku irin kíkúnná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì. Ooru abẹ́ páànù n'Ìbàdàn àti ọ̀rinrin oṣù Keje ń bá wọn jà lọ́dọọdún. Eruku náà ń ṣí, èbu ń hù. Ẹ̀rọ tó lè kọ ọ́ pàápàá ti ń wọ́n. Bí àgbà bá sì kú, táwọn ọmọ bá ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, aṣọ ni wọ́n ń pín. Wọ́n á da kásẹ́ẹ̀tì sí ààtàn. Ó ń dùn mí gan-an. Institute of African Studies ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti ọdún 1962. Mo fẹ́ kí ẹ̀dà irú ohùn báyìí dé irú ibẹ̀, kí ó má jẹ́ ti ẹbí nìkan, torí ìtàn àdúgbò ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní tirẹ̀ nílé, kó tètè wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí téèpù náà ṣì lè sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà bi mí bóyá kí òun gé ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú kúrò, kí orin lè lọ geere. Mo ní kó má gbọ́dọ̀ gé e, kó má sì fọ ariwo èrò dànù, kó kọ ọdún àti orúkọ eléré sórí fáìlì. Orúkọ àwọn onílù ló kù. Mo gbé e sórí fóònù fún àbúrò màmá mi, ó sì dá ọwọ́ onígángan mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní bàbá náà ṣì wà láàyè ní Mọ́lété, pé tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbé e lọ fún un kó gbọ́, kó sì dárúkọ àwọn yòókù fún wa.